Ìsọgbà kọ́, ìtìmọ́ta ni

Ẹ̀yin ará,

Ọ̀rẹ́ wa tó gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ ní ká máa pe “fencing” àwọn oníkọ̀ǹpútà ní ìsọgbà, ìyẹn dídá kọ̀ǹpútà tí a kò gbúròó rẹ̀ mọ́ dúró kó má bàa kọ nǹkan sórí díìsìkì tí òun àti àwọn mìíràn jọ ń lò. Ẹ gbà mí láyè kí n ta kò ó. Ẹni tó sọgbà yí oko ká, ewúrẹ́ ẹlẹ́wúrẹ́ ló ń sá fún, ó sì ti sọ ọ́ kí ewúrẹ́ tó dé. Níbí, kì í ṣe àjèjì là ń lé. Ọmọ ilé ni, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀ràn sì ti ṣẹlẹ̀ ká tó ṣe é.

Bó ṣe ń rí nìyí. Kọ̀ǹpútà méjì ń lo àká kan náà, ìyẹn díìsìkì tí wọ́n ń kó fáìlì sí, wọ́n sì ń ránṣẹ́ síra wọn lemọ́lemọ́ pé “mo wà o”. Lójijì, ọ̀kan ò gbúròó èkejì mọ́. Ṣé ó kú ni? Ṣé okùn ló já? Àbí ó kàn dákú díẹ̀ ni? Kò sí bí èyí tó kù ṣe lè mọ̀. Bó bá gba iṣẹ́ náà ṣe, tí èkejì wá jí, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dákú ni yóò máa kọ lọ, kò ní mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan náà. Ó ṣẹlẹ̀ lójú mi níbi iṣẹ́ kan rí. Ext4, ètò kan tó ń to fáìlì sórí díìsìkì, la lò, ext4 sì gbà pé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ń kọ nǹkan sórí òun. Okùn já, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Nígbà tílẹ̀ fi mọ́, fáìlì tí a bá ṣí, ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti fáìlì mìíràn. Ẹ̀dà tí a tọ́jú ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn la padà sí, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta sì ṣègbé. Ó dùn mí títí dòní.

Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ká pè é ní ìdáàbòbò. Ìdáàbòbò ni èrè rẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀.

Àbúrò wa tó ní ká pè é ní “ìpa”, bíi pé a pa kọ̀ǹpútà náà, ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ní STONITH, tó túmọ̀ sí pé kí a yìnbọn lu èkejì lórí: iná ni wọ́n máa já kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí ẹnikẹ́ni kò ti ní kú. Nínú SCSI-3, ìlànà kan tí kọ̀ǹpútà fi ń bá díìsìkì sọ̀rọ̀, kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan máa ń fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ hàn díìsìkì. Èyí tó kù á pa kọ́kọ́rọ́ èkejì rẹ́, díìsìkì ò sì ní gba ohunkóhun lọ́wọ́ onítọ̀hún mọ́. Iná rẹ̀ ṣì ń tàn, ó kàn wà níta ni. Ìpa kò lè gbé ìyẹn.

Ìtìmọ́ta ni mo mú wá. Gbogbo wa la mọ ìtìmọ́lé: a ti èèyàn mọ́ ilé. Ẹ yí i padà: a tì í mọ́ ìta. Bó jẹ́ iná la pa, bó jẹ́ kọ́kọ́rọ́ la gbà, ìta ló wà. Ó ṣeé fi sọ̀rọ̀ pẹ̀lú: “ẹ ti kọ̀ǹpútà kẹta mọ́ta.” Ẹnìkan lè ní òun ń gbọ́ ọ̀tá nínú rẹ̀, àmọ́ ohùn wọn ò dọ́gba. Ẹ dán an wò nínú gbólóhùn yìí: GFS2, ètò fáìlì tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà lè jọ lò, yóò dá ìkọ̀wé dúró títí ìtìmọ́ta yóò fi parí, lẹ́yìn náà ni yóò ka àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà tó sọnù láti fi tún nǹkan ṣe. Ẹ wá fi ìsọgbà rọ́pò rẹ̀, kí ẹ bi ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bóyá ó yé e.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí mi ò tíì rí mú. Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti ti ẹlòmíràn mọ́ta? Bí wọ́n bá jẹ́ márùn-ún, àfi kí mẹ́ta fohùn ṣọ̀kan. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta, méjì tó. Níbi tí wọ́n bá ti jẹ́ méjì péré, olúkúlùkù lè fẹ́ ti èkejì mọ́ta, ẹlẹ́rìí kẹta la máa ń wá síbẹ̀. Mo ti ronú kan “ìpéjọ” fún iye tó gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan yẹn (“quorum” lédè Gẹ̀ẹ́sì), ṣùgbọ́n ìpéjọ kò sọ pé ó ju ìdajì lọ. Kí lẹ rí sí i?