Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni mo ṣe lè ṣàlàyé bí nǹkan ṣe ń kọjá lára awọ sẹ́ẹ̀lì?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ́ àbúrò mi ní báyọ́lọ́jì, orí awọ sẹ́ẹ̀lì la sì há sí.

Ó yé e pé ìpele phospholipid (irú ọ̀rá kan tó di awọ náà) méjì ló kọjú síra: orí wọn fẹ́ràn omi, ó wà lóde, ìrù wọn kórìíra omi, ó sá sáàárín. Ó yé e pé ọ́síjìn ń yọ́ gba inú ọ̀rá yẹn kọjá. Ló bá ní, "Bí àárín bá jẹ́ ọ̀rá, báwo lomi ṣe ń yára wọlé?"

Mo sọ fún un pé díẹ̀ ń gba inú ọ̀rá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ń gba aquaporin, ihò purotéènì tí Peter Agre ṣàwárí, tó sì gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní 2003. Kíá ló tún béèrè ìdí tí sódíọ̀mù kò fi lè gba ihò kan náà. Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi gan-an! Mo ní omi rọ̀ mọ́ sódíọ̀mù bí ẹ̀wù, kò sì lè bọ́ ọ wọ ihò tóóró bẹ́ẹ̀.

Ibi tó ti ń dà á rú ni pọ́ńpù, purotéènì inú awọ náà tó ń lé sódíọ̀mù 3 jáde, tó ń fa pòtásíọ̀mù 2 wọlé, tó sì ń ná ATP kan (ATP ni èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń rí agbára). Ó ṣì ń pè é ní osmosis, ìyẹn bí omi ṣe ń gba awọ kọjá fúnra rẹ̀ láìná ATP. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́ni rí, àfiwé wo lẹ fi ń ya méjèèjì sọ́tọ̀? Ṣé kí n kọ́kọ́ fi pọ́ńpù sílẹ̀ ná?