B.Sc. Kẹ́mísírì ni mo ní: ṣé PGDE ni kí n ṣe, tàbí kí n kọjá sí M.Ed.?

TíṣàKẹ́mísírì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́. B.Sc. Kẹ́mísírì ni mo ní, second class lower, mo ti sin ilẹ̀ baba wa tán, ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì aládàáni ni mo sì ti ń kọ́ni báyìí. Àwọn aláṣẹ ilé-ìwé ti ní kí gbogbo wa tí a kò ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́ lọ wá a.

Ṣé PGDE (ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́ fún ẹni tó ti ní oyè àkọ́kọ́) pọn dandan, tàbí kí n kàn forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà? Kí ló dé tí n kò ní fi owó àti àkókò yẹn ṣe M.Ed., máásítà nínú ẹ̀kọ́ kíkọ́ni? Bó bá sì jẹ́ PGDE náà ni, èwo ló rọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti Mọ́ńdè dé Fráídè lọ́rùn nínú NOUN (yunifásítì ìjọba tí a ń kà láti ilé), NTI (ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tó ń kọ́ àwọn olùkọ́) àti yunifásítì tí a ń lọ jókòó sí kíláàsì? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kàn sọ pé "ó dáa, ẹ ṣe é". Àlàyé ni mo ń wá.

Olùdámọ̀ràn_Ẹ̀kọ́

TRCN tí ẹ ń wò bí ọ̀nà àbùjá kò lè rọ́pò PGDE, ẹ̀yìn tí ẹ bá ṣe PGDE tán ló kàn. Òfin 31 ti ọdún 1993 ló dá àjọ náà sílẹ̀, ìmọ̀ ẹ̀kọ́ kíkọ́ni ni wọ́n sì ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀. Ìsọ̀rí mẹ́rin ni wọ́n pín olùkọ́ sí: A fún ẹni tó ní Ph.D., B fún ẹni tó ní máásítà, C fún ẹni tó ní oyè àkọ́kọ́, D fún ẹni tó ní NCE, ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ní ìsọ̀rí mẹ́ta àkọ́kọ́, bí oyè yín kò bá jẹ́ ti ẹ̀kọ́ kíkọ́ni, ẹ gbọ́dọ̀ ní PGDE tàbí NCE mọ́ ọn. B.Sc. yín nìkan kò wọ inú èyíkéyìí nínú wọn. Bí PGDE bá kún un, ìsọ̀rí C nìyẹn.

Ìdí nìyí tí ẹni tó ní NCE kó tó gba B.Sc. kò fi nílò PGDE rárá. Ọ̀pọ̀ ló ń ná owó sórí rẹ̀ láìnídìí.

Ní ti M.Ed., ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni kò ní gba ẹni tí oyè àkọ́kọ́ rẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀kọ́ kíkọ́ni, àfi kó kọ́kọ́ ṣe PGDE, kó sì gba máàkì tó dé ibi tí wọ́n là sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe PGDE bí ẹni tó kàn fẹ́ kọjá. Ẹ tún rántí pé M.Sc. Kẹ́mísírì pẹ̀lú PGDE náà ń gbé èèyàn dé ìsọ̀rí B. Bí ẹ bá fẹ́ràn Kẹ́mísírì fúnra rẹ̀ ju ètò ilé-ìwé lọ, ọ̀nà tí èmi yóò fi síwájú yín nìyẹn, nítorí ó ṣí ilẹ̀kùn yunifásítì àti ti ilé-ìwé girama sílẹ̀ fún yín papọ̀.

Lẹ́yìn PGDE, ìdánwò TRCN tí wọ́n ń pè ní PQE ló kù. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é. Ohun tó ń béèrè ni ìmọ̀ iṣẹ́, ọgbọ́n ìkọ́ni, ìwà olùkọ́ àti ojúṣe ọmọ ẹgbẹ́. Àwọn onísáyẹ́ǹsì máa ń fojú kéré apá ìwà, wọ́n ní làákàyè nìkan ti tó. Kò tó. Ẹ ka ìwé òfin ìwà olùkọ́ tí TRCN ṣe kí ẹ tó wọlé.

Ṣọ́ọ̀kìÀtiDọ́sítà

Ọ̀gá ti sọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí, ẹ jẹ́ kí n mú ibi iṣẹ́ fúnra rẹ̀.

NTI, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Kaduna, ní sẹ́ńtà káàkiri ìpínlẹ̀, òpin ọ̀sẹ̀ àti àkókò ìsinmi ilé-ìwé ni wọ́n sì sábà máa ń lò. Ó bá iṣẹ́ yín mu. NOUN fi kíkà sílẹ̀ fún ẹ̀yin fúnra yín. Máàkì 30 nínú 100 wà nínú iṣẹ́ àṣetiléwá orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ tí pọ́tà bá sì ti tì, ó ti lọ nìyẹn. Ẹni tó pàdánù rẹ̀ ń bá 70 nìkan jà. Yunifásítì tó ń kọ́ni lójúkojú ló dáa jù fún ìtọ́sọ́nà iṣẹ́ ìwádìí, ṣùgbọ́n ẹ béèrè bóyá wọ́n ní ti òpin ọ̀sẹ̀ tàbí ti àkókò ìsinmi kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù. Ibi yòówù kó jẹ́, bó bá jẹ́ yunifásítì, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí ojú òpó NUC, àjọ tó ń mójú tó àwọn yunifásítì. Àwọn "sẹ́ńtà" tí wọ́n ń ya yàrá, tí wọ́n ń dárúkọ yunifásítì kan, ń bẹ nígboro, ìwé ẹ̀rí wọn kì í sì í gbéni dé ibì kankan.

TP, ìyẹn ìdánrawò ìkọ́ni nílé-ìwé, ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ọ̀sẹ̀ 6 ló wọ́pọ̀. Àwọn kan ń gbà kí èèyàn ṣe é ní ilé-ìwé tó ti ń ṣiṣẹ́, àwọn mìíràn kì í gbà, nítorí náà ẹ gba ìdáhùn yìí ní kíkọ. Ẹ jẹ́ kó bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ táàmù. Bó bá fi bọ́ sí ọ̀sẹ̀ àtúnyẹ̀wò àti ìdánwò, alámòójútó yóò dé, kò ní bá ẹ̀kọ́ tuntun kankan tí yóò wò.

Lẹ́sìn nóòtì ni wọ́n fi ń gé máàkì. "Akẹ́kọ̀ọ́ yóò mọ titration" kì í ṣe àfojúsùn, nítorí kò sẹ́ni tó lè wọn "mọ̀". Ẹ kọ pé: "Akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe titration ásíìdì àti béèsì, yóò sì gba ìwọ̀n méjì tí ìyàtọ̀ wọn kò ju 0.20 cm³ lọ." Ìyẹn ṣeé rí, ó ṣeé máàkì. Lẹ́yìn náà, ẹ dá ìbéèrè, kí ẹ dákẹ́ díẹ̀. Olùkọ́ onísáyẹ́ǹsì a máa dá ìbéèrè tán, a sì tún dáhùn rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ohun tí PGDE fi wúlò jù, lójú tèmi, ni ẹ̀kọ́ nípa ìdánwò ṣíṣe. Bí ọmọ 30 nínú 40 bá gba ìbéèrè kan, ìwọ̀n ìrọ̀rùn rẹ̀ jẹ́ 0.75. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé àwọn tó máa ń gbẹ̀yìn kíláàsì ló gbà á, tí àwọn ọmọ tó mọ̀wé sì kùnà, ìbéèrè yẹn ló ní àbùkù. Bóyá ìdáhùn méjì ló tọ̀nà, bóyá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dojú rú. Títí tí ẹ bá fi ń kọ́ni ni ẹ ó máa lo èyí. Ní ti fìlọ́sọ́fì àti ìtàn ẹ̀kọ́, ẹ̀yin tí ìṣirò mọ́ lára yóò ní láti kọ́ bí a ṣe ń kọ àròkọ olójú ewé mẹ́ta.

Ọ̀gáÀgbàFẹ̀yìntì

N kò ta ko ohun tí wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ ìgbà tí kò yẹ. Bó bá jẹ́ pé ẹ ń fi iṣẹ́ olùkọ́ dúró de iṣẹ́ iléeṣẹ́ ni, ẹ má ṣe PGDE lọ́dún yìí. Kì í ṣe máásítà, kì í sì í sábà gbé èèyàn kúrò ní ìpele owó oṣù tí B.Sc. ti fi í sí. Ẹ bi ilé-ìwé yín bóyá wọn yóò fi nǹkan kún owó yín tí ẹ bá parí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kì í fi kún un.

Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ìjọba ni ẹ ń wò, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2022 sún ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì olùkọ́ láti 60 sí 65, ó sì sún ọdún iṣẹ́ láti 35 sí 40, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu ìgbà tí yóò tẹ̀lé e. Ẹni tó máa pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yóò jèrè PGDE rẹ̀.

TíṣàKẹ́mísírì

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé wọ́n mọ PGDE wa lókè òkun?

Olùdámọ̀ràn_Ẹ̀kọ́

England ni mo lè dáhùn fún. Láti oṣù kejì ọdún 2023, olùkọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní Nàìjíríà lè béèrè fún QTS, ìwé àṣẹ olùkọ́ ti England, láti ibí, ṣùgbọ́n ìṣirò, sáyẹ́ǹsì tàbí èdè fún ọmọ ọdún 11 sí 16 ni wọ́n fi mọ fún wa. Kẹ́mísírì wọlé. Wọn yóò béèrè oyè àkọ́kọ́, ìwé ẹ̀rí ìkọ́ni, ìrírí lẹ́nu iṣẹ́, àti lẹ́tà TRCN pé orúkọ yín mọ́ lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ wo orúkọ yín lórí B.Sc., ìwé NYSC àti ìwé ẹ̀rí ìbí nísinsìnyí. Bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó gba fọ́ọ̀mù PGDE, nítorí bí orúkọ bá ṣe wà níbẹ̀ náà ni yóò ṣe dé orí TRCN. Kí ẹ sì béèrè transcript yín lónìí. Láti yunifásítì yín sí ilé-ẹ̀kọ́ tuntun ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ tààrà, òun ló sì máa ń dá ìgbaniwọlé dúró jù.