Tenerife: etíkun wo la lè kó ọmọ lọ?

Ìyá Ìbejì, Peckham: Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. A fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sí Tenerife, erékùṣù Spain yẹn, lóṣù Kejì. Wọ́n ti kọ́ wọn lúwẹ̀ẹ́ nílé ìwé, ṣùgbọ́n èmi àti bàbá wọn ò mọ̀ ọ́n rárá. Wọ́n ní òkun ibẹ̀ le. Ẹ gbà wá nímọ̀ràn.

Bọ̀dá Croydon: Ẹ kú ìmúrasílẹ̀, àǹtí. Òkè ayọnáyèéfín ló bí erékùṣù yẹn. Teide tó wà láàárín rẹ̀ ga tó mítà 3,715. Bí òkè yẹn ṣe ṣe gèrè wọnú òkun lọ náà ni ìsàlẹ̀ omi ṣe rí ní ibi púpọ̀. Ọmọ tí omi mu dé ìbàdí lè gbẹ́sẹ̀ síwájú díẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má kanlẹ̀ mọ́. Lóṣù Kejì, ẹ fi apá àríwá sílẹ̀, ìgbì ńlá máa ń já síbẹ̀ nígbà òtútù. Las Teresitas, nítòsí Santa Cruz, ni kí ẹ kó wọn lọ. Wọ́n to òkúta sínú òkun níwájú rẹ̀ kí ìgbì má bàa wọlé. Iyanrìn ibẹ̀ ò tiẹ̀ dúdú. Láti Sàhárà ni wọ́n ti kó o wá láwọn ọdún 1970. Omi á tutù o, bíi 19°C.

Àǹtí Manchester: Kí ẹ tó bọ́ṣọ, ẹ wo àsíá. Àwọ̀ ewé, ẹ wọlé. Yẹ́lò, ẹ má jìnnà sétí omi. Pupa, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Bí omi bá ń wọ́ èèyàn lọ, kó má bá a jà. Kó lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ títí omi á fi tú u sílẹ̀, kó tó kọjú sí èbúté. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ́ sómi tẹ̀lé ọmọ. Ẹ ju ohun tó ń léfòó sí i, kí ẹ pe olùṣọ́ etíkun tàbí 112.

Ẹ ra bàtà omi fún gbogbo wọn. Àpáta ibẹ̀ mú bí abẹ, iyanrìn dúdú sì máa ń gbóná lọ́sàn-án débi tí ọmọ á fi máa fò.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Leeds: Garachico, ìlú etí òkun kan níbẹ̀, náà dára o! Iná tó ṣàn láti òkè lọ́dún 1706 ló ba èbúté wọn jẹ́. Iná náà dì, ó di àpáta, inú adágún omi òkun tó wà láàárín àpáta yẹn ni àwọn èèyàn ti ń lúwẹ̀ẹ́ báyìí.

Àǹtí Manchester: Àbúrò, àríwá kọ́ nìyẹn? Bí òkun bá ń ru, ẹ má sún mọ́ ọn, àní láti ya fọ́tò.

Ìyá Ìbejì, Peckham: Ẹ ṣeun gan-an. Bàbá wọn ń sọ̀rọ̀ jet ski, ọ̀kadà orí omi yẹn, o.

Bọ̀dá Croydon: Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n kí wọ́n gba èyí tí amọ̀nà máa ń ṣáájú. Bí wọ́n bá ti wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ di èjìká rẹ̀ mú, kí ẹ fà á sókè. Bó bá dé etí, ó tóbi jù, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Rọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí, ẹ má gbé e lọ sí etíkun El Médano. Atẹ́gùn ibẹ̀ làwọn tó ń fi ìgbòkun sáré lórí omi ń wá lọ.

GHIC, káàdì ìtọ́jú tí NHS ń fún àwọn tó ń rìnrìn àjò, ọ̀fẹ́ ni, ọsibítù ìjọba ló wà fún. Ẹ ra ìnṣọ́ránsì mọ́ ọn, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá jet ski wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń yọ ọ́ kúrò.