Ìgbà wo gan-an ni aràn ń pọ̀ jù nínú ẹja odò àti ti adágún?

Ọmọ Odò:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ ẹja. Ó ti tó oṣù 11 báyìí tí mo ti ń la inú ẹja àrọ̀ àti ẹpìyà, ẹja 20 lóṣooṣù, kí n lè mọ ìgbà tí aràn ń pọ̀ jù nínú wọn. Aràn pẹlẹbẹ inú ìfun pọ̀ nígbà kan, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ṣùgbọ́n àwọn kókó aláwọ̀ ìyeyè tó ń wà lábẹ́ awọ, lẹ́bàá ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò dín kù ní oṣù kankan. Àwọn ìwé kan sọ pé ìgbà òjò ni aràn ń pọ̀, àwọn mìíràn ní ẹ̀ẹ̀rùn ni. Èwo ni kí n gbà?

Olùkọ́ Ẹja:
Orúkọ kan náà, aràn, lẹ fi pe nǹkan méjì tí ìgbé ayé wọn kò jọra. Kókó aláwọ̀ ìyeyè yẹn jọ Clinostomum. Ọ̀fun ẹyẹ tó ń jẹ ẹja ni àgbà rẹ̀ ń gbé. Ẹyin rẹ̀ á bọ́ sínú omi, ọmọ tó bá pa á wọ inú ìgbín omi, á pọ̀ sí i níbẹ̀, kí àwọn ọmọ mìíràn tó jáde wá ẹja tí wọ́n máa wọ̀ lára. Bí ó bá ti wọ ẹran ẹja, yóò fi awọ bo ara rẹ̀, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọdún mélòó kan, títí ẹyẹ yóò fi gbé ẹja náà mì. Gbèsè tó ti ń gorí ara wọn láti ọjọ́ pípẹ́ lẹ ń kà, kì í ṣe èyí tí ẹja jẹ lóṣù yìí. Bákan náà ni Diplostomum inú ojú ẹja rí ní àwọn ilẹ̀ olótùútù: ìgbín kì í fi bẹ́ẹ̀ tú ọmọ aràn náà jáde àfi tí omi bá ti móoru kọjá nǹkan bí 10°C, síbẹ̀ àwọn ti ọdún tó kọjá ṣì ń bẹ nínú ojú ẹja ní gbogbo ìgbà òtútù.

Aràn inú ìfun kì í sábà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní Yúróòpù, ẹja kan tí wọ́n ń pè ní bream ń kó Caryophyllaeus laticeps nípa jíjẹ ekòló tín-ín-rín inú ẹrẹ̀. Aràn náà máa ń pọ̀ ní ìgbà ìrúwé, a sì wọ́n nígbà ooru.

Ìyá Àrọ̀:
Ọmọ mi, má gbàgbé aràn tí kò nílò ìgbín tàbí ekòló rárá. Dactylogyrus àti Gyrodactylus ń ti ara ẹja kan bọ́ sí ti èkejì ni, nítorí náà ooru omi àti bí ẹja ṣe fún mọ́ra ló ń darí wọn. Gyrodactylus kì í tilẹ̀ yé ẹyin: ọmọ láàyè ló ń bí, ọmọ ọ̀hún á sì ti lóyún kí ó tó kúrò lára ìyá rẹ̀. Nígbà tí omi adágún mi fà lọ́dún kan, mo rí ẹja tó ń fi ẹ̀gbẹ́ ha ilẹ̀, tó sì ń la ẹnu lójú omi. Nígbà tí mo ṣí abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀kan, ibi tó fi ń mí, tó yẹ kó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ti ṣá, ohun yíyọ̀ bí ikun sì bò ó.

Òjò ní tirẹ̀ ń mú kí omi pọ̀, kí ẹja sì jìnnà síra, ṣùgbọ́n ó tún ń gbá ọ̀rá ilẹ̀ wọ odò, tí ìgbín àti àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń gbé ọmọ aràn pẹlẹbẹ yóò fi pọ̀ lẹ́yìn náà. Ìwé méjèèjì tí o kà lè jẹ́ òótọ́, oníkálukú fún omi tirẹ̀.

Oníṣirò:
Ṣé ẹ ń wọn gígùn ẹja wọ̀nyí? Ẹja tó dàgbà ti pẹ́ nínú omi, kókó tó ti kó jọ yóò sì ju ti ọmọ ẹja lọ. Bí àwọ̀n yín bá ń mú ńlá ní ẹ̀ẹ̀rùn, tó ń mú kékeré lójò, ìyàtọ̀ ọjọ́ orí lẹ ó máa pè ní ìyàtọ̀ ìgbà. Ẹ má sì da iye ẹja tó ní aràn pọ̀ mọ́ iye aràn tó wà nínú ẹja kan, torí ìwọ̀nba ẹja díẹ̀ ló sábà ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú aràn odò. Ẹja kan péré nínú 20 lè da ìṣirò oṣù rú.

Ọmọ Odò:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti yẹ ìwé mi wò: láti oṣù kẹrin ni mo ti ń wọn ẹja, n kò wọn ti oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, inú oṣù wọ̀nyẹn gan-an sì ni aràn ìfun pọ̀ sí. Màá tún ẹja oṣù mẹ́ta yẹn mú lọ́dún tó ń bọ̀, pẹ̀lú ìwọ̀n, kí n tó kọ ohunkóhun nípa ìgbà.