Orí kejì: ṣé gbígbé ni, àbí kíkó?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Ilé-Ifẹ̀. Iná ò sí, bátìrì kọ̀ǹpútà mi ò sì ní pẹ́ kú, nítorí náà mo máa já lu ọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa kan ló béèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí ni ká máa pe literature review, ìyẹn orí kejì tí a ti ń yẹ ohun tí àwọn mìíràn ti kọ lórí ọ̀rọ̀ wa wò, nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé tí a bá fi Yorùbá kọ. Ìdáhùn mẹ́ta ló wọlé: “àtúnyẹ̀wò lítíréṣọ̀”, “àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀”, tí ọ̀pọ̀ fara mọ́, àti ti bàbá wa tó ní “ìjúbà” ni, torí pé ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ láwùjọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ júbà àwọn tó ti sọ ṣáájú.

N ò ní pẹ́ lórí àkọ́kọ́. Lẹ́ka wa níbí, ewì, eré onítàn àti ìtàn àròsọ ni lítíréṣọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣèwádìí ilẹ̀ oko kòkó bá kọ “lítíréṣọ̀” sí orí kejì, ìjálá la ó máa retí níbẹ̀. “Tún” tó wà nínú àtúnyẹ̀wò náà ń yọ mí lẹ́nu: ta ló ti yẹ̀ ẹ́ wò rí? Ọ̀pọ̀ nínú wa, ìgbà àkọ́kọ́ tí a ó ka ìwé ọ̀hún nìyẹn.

Àgbéyẹ̀wò ló dùn mí jù, torí òun ni mo lò, òun ló sì fìyà jẹ mí. Iṣẹ́ mi dá lórí bí àwọn ọ̀dọ́ Iléṣà ṣe ń fi ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀ṣà sílẹ̀, tí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń sọ pé “ulé” fi ń sọ pé “ilé”. Lọ́dún tó kọjá mo kó ojú-ìwé 41 fún alábòójútó mi. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n dá a padà. Bíírò pupa ni wọ́n fi yí “sọ pé” po ní gbogbo ibi tó ti jẹ yọ. Ojú-ìwé kan ní mẹ́sàn-án. Ìsàlẹ̀ ojú-ìwé tó gbẹ̀yìn ni wọ́n wá kọ ọ̀rọ̀ méjì sí: “Ìwọ ńkọ́?”

Mo padà ka ohun tí mo kọ. Lágbájá (1985) sọ pé báyìí. Tàmẹ̀dù (1993) sọ pé báyìí. Làkáṣègbè (2004) sọ pé báyìí. Ẹ má wá àwọn ọ̀gbẹ́ni yìí lọ sí ilé ìkàwé Hezekiah Oluwasanmi ní yunifásítì wa o, èmi ni mo sọ wọ́n lórúkọ. Mo gbé ọ̀kan, mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo gbé òmíràn. Ohun tí àkọlé mi ní kí n ṣe náà ni mo ṣe.

Ẹ wò ó, Yorùbá kì í gbé ohun púpọ̀. Àga kan, a gbé e. Àga mẹ́fà, a kó wọn. Iṣu kan lórí àtẹ oníṣu Ọjà Tuntun, ẹ lè gbé e, kí ẹ yí i síwá sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó lọ ra iṣu ìkómọ bá délé, tí wọ́n bi í pé báwo lọjà, kò ní máa ka iṣu lọ́kọ̀ọ̀kan fún wọn. Yóò ní, “Iṣu tuntun ti dé, àmọ́ omi pọ̀ nínú rẹ̀; ti èṣí ló ṣì ṣeé gún.” Ó ti kó wọn pọ̀, ó ti fi wọ́n wéra, ó sì ti sọ tẹnu ara rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò ní “gbé ọ̀rọ̀ yẹ̀wò” ti mọ́ wa lẹ́nu, pé gbé inú rẹ̀ ò ru nǹkan kan mọ́. Mo gbà. A máa ń gbé ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ yẹ̀wò nípàdé. Síbẹ̀, ẹni tó ń kọ orí kejì fún ìgbà àkọ́kọ́ kì í ní atọ́nà kan ju àkọlé tó wà lókè ojú-ìwé lọ. “Àkójọyẹ̀wò” ni mo dábàá: ká kó wọn jọ, ká yẹ̀ wọ́n wò.

Ohun tó yọ mí ni tébù kan tí mo yà sẹ́yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́. Iṣẹ́ kan, ìlà kan. Òpó àkọ́kọ́, ibo ni wọ́n ti ṣèwádìí; ìkejì, ẹnu ta ni wọ́n ti gbọ́ èdè náà; ìkẹta, báwo ni wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀; ìkẹrin, kí ni wọ́n rí. Nígbà tí mo kà á láti òsì sí ọ̀tún, “Lágbájá sọ pé” náà ni. Ìgbà tí mo wá kà á láti òkè wá sílẹ̀ ni òpó kejì fọhùn: àgbà, àgbà, àgbẹ̀, àgbà, ìjòyè. Kò sí ọmọ iléèwé kan níbẹ̀. Gbólóhùn tó ṣí orí náà báyìí ni: “Wọ́n fẹnu kò pé ẹ̀ka-èdè náà ń yí padà, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn tí kò yí i padà ni wọ́n ti gbọ́ ọ.”

Àlàfo nìyẹn, ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní research gap: ibi tí ìwádìí kò tíì dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká gba “ihò” tí ẹnìkan dábàá. Gbogbo àlàfo kọ́ ló sì yẹ ní dídí. Ẹnu tó léjí ò bẹ̀bẹ̀ fún eyín.

Bàbá wa, ẹ má bínú, ẹni tó ń júbà kì í sọ fún ẹni tó ń júbà fún pé ó ṣìṣe. Bó bá jẹ́ Ifá lẹ fẹ́ ti mú un, mo bá yín dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ Ifá gan-an ni ká wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà yunifásítì wa láti 1982 sí 1989, ti fi hàn pé ẹsẹ Ifá lè ní tó ìpín mẹ́jọ: lára wọn ni orúkọ awo tó dífá, ẹni tí wọ́n dífá fún, ìdí rẹ̀, ohun tí wọ́n ní kó ṣe, bóyá ó ṣe é, àti ibi tó já sí. Ẹni tó kọtí ọ̀gbọin sí ẹbọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó rú u. Òpó tébù mi kọ́ nìyẹn bí? Babaláwo kì í sì í ki odù 256 fún ẹni tó wá béèrè ọ̀rọ̀ ọmọ; èyí tó bá jáde lójú ọpọ́n ló ń kì.

Ẹ̀gbọ́n wa dókítà béèrè nípa systematic review tiwọn, níbi tí wọ́n ti ń fi ìlànà tí wọ́n ti là sílẹ̀ wá gbogbo iṣẹ́ tó wà lórí ìbéèrè kan. Òfin ìyẹn le ju tiwa lọ: PRISMA ọdún 2020, ìlànà tí wọ́n fi ń kọ ìjábọ̀ rẹ̀, ní ohun 27 tí èèyàn gbọ́dọ̀ jábọ̀, títí kan iye iṣẹ́ tó rí, iye tó yọ kúrò àti ìdí. “Àkójọyẹ̀wò elétò” á gbà á.

Ní ti ẹni tó ní ká fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, Modákẹ́kẹ́ ò jìnnà sí wa. Ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá, onímọ̀ ẹ̀kọ́, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1970 láti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún odindi ọdún mẹ́fà.

Ó ku ìdajì àkọlé. “Iṣẹ́ aṣáájú” wù mí, àmọ́ iṣẹ́ kan jáde lóṣù tó kọjá láti ọwọ́ ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn mi, n ò sì ní pe àbúrò mi ní aṣáájú. “Àkójọyẹ̀wò iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀” ni mo tẹ̀ síbẹ̀ ná. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù ú lọ, kó yára: Ọjọ́bọ̀ ni mo máa gbé ìwé náà lọ. Gbé ni o, torí ẹyọ kan ni.