Èsì sí àbá ọ̀rọ̀ fèrèsé: ìwakùn kọ́ ló ń gbé e dúró

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ojúgbà mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ti ka àbá tí Bàbá Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, fún ìwé kékeré tí wọ́n fẹ́ pín fáwọn Yorùbá tó ń gbé ilé ìjọba ìbílẹ̀ ní London, nípa àtúnṣe fèrèsé onípilásítíkì tí gíláàsì rẹ̀ jẹ́ méjì méjì. Fún ẹni tí kò tíì rí i: Bàbá pe fèrèsé náà ní "fèrèsé olójú méjì", wọ́n pe gbogbo irin ara rẹ̀ ní "irinṣẹ́ fèrèsé", wọ́n pe irin tó so awẹ́ fèrèsé mọ́ férémù ní "ìwakùn", wọ́n sì lo "àtúnṣe" fún títún ṣe àti fún pípààrọ̀. Iṣẹ́ fèrèsé ni mo ń ṣe jẹun níhìn-ín. Àbá náà dùn mọ́ mi gan-an, torí ó pẹ́ tí mo ti ń retí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò lè dákẹ́ sí àwọn mẹ́rin wọ̀nyí. Ẹni tó bá fi wọ́n ra ọjà á gbé ohun tí kò bá fèrèsé rẹ̀ mu délé.

Ẹ jẹ́ ká mú "olójú méjì" ná. Yorùbá ti ní ojú fèrèsé tipẹ́: ó yọjú lójú fèrèsé, ó jókòó sójú fèrèsé. Àlàfo tí a dá sára ògiri ni. Tí ará Ìṣẹ́yìn bá gbọ́ "fèrèsé olójú méjì", àlàfo méjì ni yóò wá sí i lọ́kàn. Arábìnrin tó dáhùn lẹ́yìn Bàbá mú "aláwẹ́ méjì" wá. Èyí dára létí, àmọ́ awẹ́ ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ilẹ̀kùn aláwẹ́ méjì ni èyí tó ń ṣí sọ́tùn-ún sósì, awẹ́ fèrèsé sì ni apá tó ń ṣí, tí férémù kì í ṣí. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣe pàtàkì sí wa níbi iṣẹ́, ẹ má jẹ́ ká ná an sórí gíláàsì. "Onígíláàsì méjì" ńkọ́? Fèrèsé alumíníọ̀mù tí à ń fà síhìn-ín sọ́hùn-ún ní Nàìjíríà ní gíláàsì méjì tó ń kọjá lára wọn, síbẹ̀ kò sí ìkankan nínú wọn tó ní ìkejì lẹ́yìn.

"Onípele méjì" ló sún mọ́ ọn jù, mo sì fara mọ́ ọn fún ọ̀rọ̀ ẹnu ojoojúmọ́. Ṣùgbọ́n gíláàsì iwájú mọ́tò náà jẹ́ ìpele méjì, tí wọ́n fi ọ̀rá lẹ̀ pọ̀. Ohun tó ya ti fèrèsé sọ́tọ̀ ni àlàfo àárín rẹ̀. Gíláàsì kan nípọn tó mílímítà 4, ìkejì náà bẹ́ẹ̀, àlàfo mílímítà 16 tàbí 20 sì wà láàárín wọn. Ọ̀pá tín-ín-rín kan yí etí rẹ̀ ká. Nínú ọ̀pá náà ni wọ́n da àwọn hóró kéékèèké sí, tí ń fa ọ̀rinrin mu. Wọ́n wá fi gọ́ọ̀mù di gbogbo etí pa, wọ́n sì sábà máa ń fi gáàsì argon rọ́pò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tàbí gáàsì tí kò rìn yẹn ló ń dá òtútù dúró. Gíláàsì fúnra rẹ̀ kò ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, fún odindi ẹ̀yà yẹn, àbá tèmi ni "gíláàsì aháfẹ́fẹ́mọ́". Mo ti rí i tí ẹnì kan kọ "ahámọ́fẹ́fẹ́" lánàá, àmọ́ "há mọ́" máa ń yà fún ohun tí a há: a há a mọ́lé, wọ́n há olè mọ́. Àárín ni afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wọ̀. Ìdí tí mo fi fẹ́ ọ̀rọ̀ yìí ni pé ó ń sọ àìsàn gíláàsì náà fún ẹni tó ni ín. Bí gọ́ọ̀mù etí bá là, ọ̀rinrin á wọlé, àwọn hóró á mu ún títí wọn ò fi ní lè gbà mọ́, ìkùukùu á sì bo àárín gíláàsì. Ẹ nù ún nínú, ẹ nù ún lóde, kò ní lọ. Ẹni tó ti mọ̀ pé àhámọ́ ni, tó sì gbọ́ pé "àhámọ́ ti jò", kò ní bèèrè irú ọṣẹ tí yóò fi fọ̀ ọ́. Á mọ̀ pé gíláàsì yẹn nìkan ni a ó yọ, férémù á sì dúró síbi tó wà.

Ó wá kan ìwakùn, èyí tó ká mi lára jù. Ọ̀rọ̀ àtàtà ni, n kò fẹ́ kó sọnù. Ilẹ̀kùn a máa yí lórí ìwakùn, ìwakùn a sì dúró lójú kan. Ẹ lo ìwakùn fún ilẹ̀kùn, mo fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí fèrèsé onípilásítíkì, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ awẹ́ rẹ̀. Ẹ ó rí irin gbọọrọ kan tí wọ́n fi síkúrù kàn mọ́ férémù, òmíràn tí wọ́n kàn mọ́ awẹ́, àti àwọn irin pẹlẹbẹ tó ń ṣẹ́ bí ìgúnpá láàárín wọn. Nínú irin ara férémù ni pilásítíkì kékeré kan ti ń sáré lọ sáré bọ̀. Méjì ló máa ń wà fún awẹ́ kan: tí awẹ́ bá ń ṣí láti ìsàlẹ̀, ọ̀kan wà lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tó bá ń ṣí sí ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Bí ẹ bá ti awẹ́ síta, pilásítíkì yẹn á máa ha irin bó ti ń lọ, híha yẹn ló sì ń mú kí fèrèsé dúró níbi tí ẹ bá fi í sí, kí atẹ́gùn má baà gbá a padé. Ìwakùn kì í ṣe irú iṣẹ́ yìí.

"Apá amúdúró" ni mo fẹ́ ká pè é. Irú rẹ̀ wà lára fèrèsé alumíníọ̀mù tí à ń tì síta nílé náà, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ará London nìkan.

Ẹ ó ní kí ló dé tí mo fi ń le koko lórí irin kékeré. Lára apá amúdúró, a rí èyí tó ń jẹ́ kí fèrèsé ṣí gbayawu, tí ènìyàn lè gbà jáde bí iná bá ń jó. A rí èyí tó ń sún awẹ́ kúrò létí férémù kí ọwọ́ lè dé ẹ̀yìn gíláàsì láti fọ̀ ọ́. A tún rí èyí tí kì í ṣe ìkankan nínú méjèèjì, tí kò jẹ́ kí awẹ́ ṣí ju ìwọ̀n díẹ̀ lọ. Ìlànà ilé kíkọ́ ní England sọ pé fèrèsé tí a fẹ́ gbà sá jáde gbọ́dọ̀ ní àlàfo tí kò dín ní 0.33 mítà onígun mẹ́rin, kí gíga rẹ̀ má dín ní mílímítà 450, kí fífẹ̀ rẹ̀ náà má dín ní 450. Bí a bá pe gbogbo wọn ní "ìwakùn" nínú ìwé, tí bàbá ọlọ́mọ kan sì ra èyí tó kéré lówó fún yàrá òkè tí àwọn ọmọ ń sùn sí, fèrèsé á ṣí, á tì, yóò sì dà bíi pé iṣẹ́ ti parí. Ọ̀nà àbáyọ ti dí. Yorùbá ní sísá àsálà fún ẹ̀mí ẹni. "Apá àsálà" ni kí ìwé pe irin yẹn, kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà. Èyí tó wà fún fífọ̀ á jẹ́ "apá ìfọ̀".

Kí ìwé náà má gbàgbé ìwọ̀n. Bí apá bá ká pọ̀, gíga rẹ̀ lè jẹ́ mílímítà 13 tàbí 17. Bí a bá fi 17 sójú 13, awẹ́ kò ní wọlé dáadáa. Ẹ wọn èyí tí ẹ yọ kí ẹ tó sanwó.

"Ọwọ́ fèrèsé" tí Bàbá lò dára, n kò ní ohun tí mo fẹ́ fi kún un ju pé irú méjì ló wà. Ọ̀kan ní ọ̀pá onígun mẹ́rin, mílímítà 7, tó wọnú awẹ́ láti yí ẹ̀rọ ìtì tó wà níbẹ̀. Èkejì ní imú tó ń tẹ férémù láti inú. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní ọwọ́ ọlọ́pàá-inú… rárá o, àwọn agbófinró ni yóò jáde nínú ìyẹn. Ọwọ́ abọ̀pá àti ọwọ́ onímú ti tó.

Lórí "irinṣẹ́ fèrèsé", irinṣẹ́ ni ohun tí mo gbé sínú àpò mi lọ síbi iṣẹ́, tí mo sì gbé padà wálé. Ohun tí mo fi sílẹ̀ lára fèrèsé jẹ́ ẹ̀yà rẹ̀. Mẹkáníìkì ń pè é ní páàtì, gbogbo ènìyàn sì ń gbọ́ ọ. "Ẹ̀yà fèrèsé" ni kí a kọ.

Bàbá tún lo "gbó" fún gbogbo ẹ̀yà tó ti bàjẹ́. Èdè wa mú ju bẹ́ẹ̀ lọ níhìn-ín, ẹ má jẹ́ ká fi dù ú. Táyà a máa jẹ, ẹnu síkúrù a máa jẹ: ohun tí híha ń dín kù ni a ń pè bẹ́ẹ̀. Apá amúdúró ń jẹ ní oríkèé rẹ̀, awẹ́ á wá sọ̀ sílẹ̀, igun rẹ̀ á máa ha férémù. Rọ́bà tó yí gíláàsì ká ń gbó, oòrùn àti ọjọ́ orí á sọ ọ́ di gbígan, á sì sún kúrò nígun. Síkúrù ń dípẹtà. Ìtọ́jú wọn kì í ṣe ọ̀kan. Apá tí kò tíì jẹ púpọ̀ lè ní síkúrù kékeré lára tí a lè fún kí híha rẹ̀ le sí i. Bí oríkèé bá ti jẹ, a ó pààrọ̀ méjèèjì pọ̀. Rọ́bà tó gan kò ní àtúnṣe kankan, pípààrọ̀ ni.

Èyí ló mú wa dé "àtúnṣe". Ẹ ya títún ṣe sọ́tọ̀ kúrò lára pípààrọ̀, kí ẹ sì máa dárúkọ ohun tí ẹ fẹ́ pààrọ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2002, ẹni tó bá pààrọ̀ odindi fèrèsé ilé ní England tàbí Wales gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba ìbílẹ̀ létí, tàbí kó lo oníṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ ètò bíi FENSA. Pípààrọ̀ ọwọ́, apá, rọ́bà, tàbí gíláàsì nìkan kò la ìyẹn lọ. "Wọ́n á pààrọ̀ fèrèsé yín" lè kó ìdààmú owó bá ìdílé tó jẹ́ pé ọwọ́ fèrèsé kan péré ló ṣẹ́.

Ó ku ọ̀kan tí n kò tíì rí ojútùú rẹ̀. Àbá náà pe pilásítíkì tẹ́ẹ́rẹ́ tó di gíláàsì mú nínú férémù ní "ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì", torí bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe pè é. Kò sí ìlẹ̀kẹ̀ kankan níbẹ̀. Mẹ́rin ni, ó yí gíláàsì ká. Èyí tó gùn jù ni à ń kọ́kọ́ yọ, a ó ti abẹ pẹlẹbẹ bọ àárín rẹ̀ títí yóò fi tẹ̀ síta, kí a tó dé igun. "Ìṣẹ́tí gíláàsì" ni mo ń lò báyìí. Ṣùgbọ́n àwọn káfíńtà wa ti ń kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ gíláàsì fèrèsé onípákó kí pilásítíkì tó dé, wọ́n á sì ti ní orúkọ fún un. Ẹni tó bá ní káfíńtà àgbà nítòsí, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, ní Kétu tàbí níbikíbi, kó jọ̀wọ́ bi í, kó sì kọ ọ́ síbí bí wọ́n ṣe pè é gan-an. Tó bá ti jáde, mo yọwọ́ ìṣẹ́tí.