Ilé Àkúrẹ́ àti ilé tiwa níbí: báwo ni ẹ̀rọ wọn ṣe máa ríra?

Ọmọ Oǹdó ní Kánádà
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Kámẹ́rà mẹ́ta wà nílé bàbá mi ní Oǹdó. Mo fẹ́ máa wò wọ́n láti ìhín láìgba ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe kámẹ́rà náà. Mo ti ṣí port (ẹnu ọ̀nà tí ará ìta lè gbà wọlé) lórí ráútà wọn títí ó fi sú mi, kò wọlé. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ẹ̀gbọ́n Ìjàpọ̀, Leeds
Àbúrò, o ò ṣì í níbì kankan. Ráútà onísíìmù ni wọ́n ń lò nílé, àbí? Wo àdírẹ́sì tí nẹ́tíwọọ̀kì fún un. Bó bá wà láàárín 100.64 sí 100.127, tàbí tó fi 10 bẹ̀rẹ̀, a jẹ́ pé ẹ̀yin àti ọ̀pọ̀ ilé mìíràn lẹ jọ ń lo àdírẹ́sì ìta kan ṣoṣo. CGNAT ni wọ́n ń pè é. Ó dà bí kọ́mpáǹdì tí géètì rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan: ẹni tó wà nínú ń jáde bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n bí àlejò bá kanlẹ̀kùn, mẹ́gáàdì ò mọ yàrá tó ń wá. Kò sí port tó o máa ṣí nílé tó máa kan géètì yẹn.

Ohun tó yọ èmi ni pé ẹni tí kò lè gbàlejò, kí òun máa ṣàlejò lọ. Ráútà mi ní Leeds ní àdírẹ́sì ìta tirẹ̀, torí náà ilé wa ní Àkúrẹ́ ló ń pe Leeds. Raspberry Pi (kọ̀ǹpútà kékeré) kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, WireGuard (ètò tó ń la ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ láàárín wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì) lórí méjèèjì. Port UDP 51820 nìkan ni mo ṣí, níbí. Ti Àkúrẹ́, mo kọ PersistentKeepalive = 25 sí i, kó máa dún díẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 25 kí géètì má bàa gbàgbé rẹ̀. Tí ọ̀nà bá ti là báyẹn, ọ̀rọ̀ á máa lọ, á máa bọ̀ lórí rẹ̀.

Ohun tó gba òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ mi ò sí nínú gbogbo ìyẹn. 192.168.1 ni àdírẹ́sì inú ilé méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀! Mo ń pe kámẹ́rà 192.168.1.20 ti Àkúrẹ́, kọ̀ǹpútà mi ń wá a kiri pálọ̀ mi ní Leeds. Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi la jọ yí ti ilé sí 192.168.50 lórí fóònù. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ tán báyìí, wọ́n mú iná lọ. Wákàtí mẹ́ta, màmá mi ń bi mí pé, "Ṣé ìwọ náà lo tún bà á jẹ́ láti ìlú Ọba?" Má fọwọ́ kan nọ́ńbà yẹn láti òkèèrè bí ẹni tó mọ ibi tí bọ́tìnì reset wà kò bá jókòó tì í.

Ìyókù ò le. Ní Leeds, kọ 192.168.50.0/24 (gbogbo àdírẹ́sì inú ilé náà) sí AllowedIPs ti Àkúrẹ́, ìyẹn àwọn àdírẹ́sì tó máa gba ọ̀nà náà. Ní Àkúrẹ́, kọ 192.168.1.0/24 sí ti Leeds. Má gbàgbé láti tan ip_forward lórí Pi méjèèjì, òun ló ń jẹ́ kí Pi máa bá ẹ̀rọ mìíràn gbé ọ̀rọ̀ kọjá. Sọ fún ráútà kọ̀ọ̀kan pé ọ̀dọ̀ Pi ni ọ̀nà ilé kejì gbà. Ráútà onísíìmù tiwa ò tiẹ̀ níbi tí wọ́n ń kọ ìyẹn sí, ni mo bá ní kí Pi máa ṣe masquerade: kámẹ́rà rò pé Pi ló ń béèrè.

Ìyá Ìbejì, Dublin
Ẹ̀gbọ́n, orí mi ti fọ́. Ṣé kò sí ti ọ̀lẹ ni?

Ẹ̀gbọ́n Ìjàpọ̀, Leeds
Ó wà, Ìyá Ìbejì. Ẹ lo Tailscale. WireGuard náà ló wà lábẹ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á wá ọ̀nà, kódà bí CGNAT bá wà lápá méjèèjì. Ẹ fi advertise-routes sí Pi ilé, kó lè kéde pé ọ̀dọ̀ òun ni wọ́n ń gbà dé ẹ̀rọ ilé yòókù, kẹ́ ẹ sì padà lọ fọwọ́ sí i lójú ewé ìṣàkóso. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń gbàgbé. Bí nọ́ńbà ilé méjèèjì bá bára mu, ẹ ṣì máa yí i.

Ọmọ Alágbàká, Houston
Àfikún kan. Raspberry Pi tó ṣáájú Pi 5 kò ní aago inú (Pi 5 ní, bátìrì rẹ̀ lèèyàn máa ń rà lọ́tọ̀). Bẹ́ẹ̀ sì ni WireGuard ń fi aago sára ìkíni rẹ̀. Bí iná bá lọ tó dé, tí Pi jí pẹ̀lú aago àná, ẹnìkejì á kọ̀ ọ́, á rò pé olè ló ń tún ìkíni àná kí. Ẹ jẹ́ kó gba aago tààrà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe inú WireGuard.

Ìyá Ìbejì, Dublin
Pírìńtà ńkọ́? Ti ilé ò hàn lórí fóònù mi.

Ẹ̀gbọ́n Ìjàpọ̀, Leeds
Kò ní hàn. Ìkéde tó ń ṣe kì í kọjá nẹ́tíwọọ̀kì tó wà. Ẹ fi àdírẹ́sì rẹ̀ pè é. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tẹ ìwé kan ránṣẹ́ láti Leeds, màmá mi ń jẹun lẹ́bàá rẹ̀. Wọ́n ké "Jésù!", wọ́n sì yọ ọ́ kúrò lára iná.

Ọmọ Oǹdó ní Kánádà
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo ti wò ó, 10 ló fi bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, 192.168.1 sì ni ilé méjèèjì. Mo ti pe àbúrò mi ọkùnrin tó wà nílé. Ó ní òun ò ní fọwọ́ kan ráútà àfi bóun bá wo bọ́ọ̀lù tán.